Pèrègún Inú Gáàdìn

Ẹni tí kò bá tíì dé gáàdìn wa ní kùtùkùtù, kó má pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mọ Ìlọ́bù, kó má sì pe ara rẹ̀ ní ẹni tó mọ Ìfọ́n. Èmi Ọmọ́wùnmí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, tí gbogbo Ìlọ́bù ṣì ń pè ní Tíṣà bí ẹni pé mo ṣì mú pàṣán lọ́wọ́, ibẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń mọ́ bá mi. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì ni, ilẹ̀ tí wọ́n ti jọ fà títí tó fi sú ìjọba. Ìjọba ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́lé síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dáko níbẹ̀. Wọ́n gbin koríko, wọ́n gbin igi, wọ́n la ọ̀nà ẹsẹ̀, wọ́n gbẹ́ adágún omi kan sí ìsàlẹ̀, wọ́n ní ó di ọgbà ìgbafẹ́ fún gbogbo ayé. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde lórí rédíò pé páàkì ńlá ń bọ̀ láàárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, àwọn awakọ̀ kó bọ́ọ̀sì wọn wá, wọ́n ń bèèrè ibi tí wọn yóò ti máa kó èrò Òṣogbo. Látọjọ́ náà la ti fi páàkì sílẹ̀ fún awakọ̀, a ń pe tiwa ní gáàdìn.

Gáàdìn náà tóbi. Bí o bá dúró ní géètì Ìlọ́bù tí o pe ẹni tó wà ní géètì Ìfọ́n, ọ̀fun rẹ á gbẹ kó tó gbọ́. Láàárọ̀, àwa àgbà la ni ín. Bàbá Ọládiípọ̀, ará ìlú mi, a máa fi ẹ̀yìn rìn bí ẹni tó ń sá fún ajá láìfẹ́ kí ajá mọ̀, nítorí dókítà kan sọ fún wọn pé ó dára fún orúnkún. Àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà a máa na apá sókè sódò nínú ìjábù, wọ́n á máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, bí wọ́n bá sì dé ẹẹ́wàá tán, ọ̀rọ̀ ìyàwó ọmọ ló kù. Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọdé á gba jangirọ́fà, Gàfárù á máa ti kẹ̀kẹ́ áásìkiriìmù rẹ̀ ká, àwọn àfẹ́sọ́nà á wá ya fọ́tò lẹ́bàá omi. Mo ti rí ọkọ ìyàwó tó gbé ìyàwó tó tóbi jù ú lọ sókè, tí gbogbo wa dìde lórí bẹ́ńṣì, tí a ń ṣàdúrà kí wọ́n má jọ já sódò. Ohun tó wù mí jù ni pé, nínú gbogbo èrò yìí, n kò gbọ́ kí ẹnì kan bi ẹnì kejì pé ìlú wo lo ti wá. Géètì tí o gbà wọlé ló lè sọ ọ́. Bí o bá ti wọlé tán, ará gáàdìn ni ọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Mọ́ríátù, ìyá Mansur, ará Ìfọ́n.

Télọ̀ ni wọ́n. Nígbà tí ara wọn le, ìyàwó tó bá fẹ́ kí aṣọ òun bá òun lára mu, ṣọ́ọ̀bù wọn ló ń lọ. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ tí àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n, tó mú apá òsì àti ẹsẹ̀ òsì lọ. Ìgbà tí mo máa mọ̀ wọ́n, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn díẹ̀díẹ̀. Mo bá wọn lórí bẹ́ńṣì lẹ́bàá omi, wọ́n ń wo ọ̀nà ẹsẹ̀ bí ẹni tí ọ̀nà náà bú ní ìyá. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà wá wo ẹni tí kò lè rìn ni?"

Mo ní, "Mà, bí mo bá fẹ́ wo ẹni tí kò lè rìn, dígí wà nílé mi. Ẹ ò gbọ́ bí orúnkún mi ṣe ké nígbà tí mo kúnlẹ̀ yẹn?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, a di ọ̀rẹ́. Wọ́n jù mí lọ, nítorí náà èmi ń pè wọ́n ní Ìyá Mansur, àwọn ń pè mí ní Tíṣà, wọ́n sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe wù wọ́n.

Mo rò pé rírìn ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní rárá. "Bí n kò bá lè rìn, Mansur á gbé mi sórí ọ̀kadà. Ìkúnlẹ̀ ni mò ń wá, Tíṣà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò dúró kí àgbà rí. Ní báyìí, bí àgbà bá wọlé, èmi a dúró gbagidi bí òpó iná, màá máa mi orí. Wọ́n á ní, 'Má dààmú, a mọ̀ pé ara ò yá.' Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún yẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́kún. Bí ẹni tí wọ́n bọ́ aṣọ lára rẹ̀ láwùjọ ló ń ṣe mí."

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ yìí lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Àwa mọ̀ pé kò kéré.

Nọ́ọ̀sì ti sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ yẹn á padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá ń rìn lójoojúmọ́ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí wọ́n bá sì ń di nǹkan mú, tí wọ́n ń rẹ ara wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ilẹ̀ tó tẹ́jú wà? Àgbàrá ti jẹ ojúlé wọn, ọ̀kadà ò sì jẹ́ kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé pàápàá rìn lójú títì. Gáàdìn nìkan ló kù. Bí gáàdìn bá wà, ẹsẹ̀ wà. Bí kò bá sí gáàdìn, ìyá á jókòó sínú ilé títí tí eegun á fi gan. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí gan-an nìyẹn, àwa méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

Nítorí náà a ṣiṣẹ́. A óò rìn lọ, a óò rìn bọ̀, a óò wá dé ìdí bẹ́ńṣì. Wọ́n á di bẹ́ńṣì mú, wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ òsì á máa gbọ̀n, ó máa ku díẹ̀ kí orúnkún kanlẹ̀, yóò kọ̀. A óò jọ bú ẹsẹ̀ náà bí ẹni bú ọmọ tó ya ọ̀lẹ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n á tún wá. Òjò ò dá wọn dúró, ààwẹ̀ ò dá wọn dúró. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ níwèé, n kò rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ní ọkàn bẹ́ẹ̀ rí. Mo máa ń wò wọ́n látẹ̀yìn nígbà mìíràn, inú mi á máa dùn pé èmi ni Ọlọ́run fún ní ọ̀rẹ́ yìí.

Ọ̀nà àárín ló tẹ́jú jù nínú gbogbo ọ̀nà gáàdìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ títì lókè, ó lọ tààrà dé etí omi. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì Ìyá Mansur fẹ́ràn gọ́tà yẹn. Bí wọ́n bá ti ń rìn, ṣe ni yóò máa wọ́ lọ síbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n já sínú rẹ̀. Olúwafisáyọ̀, ọmọbìnrin Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun tó ń mójú tó òdòdó inú gáàdìn, ló sáré wá bá mi fà wọ́n jáde. Ọmọ náà sunkún ju ẹni tó ṣubú lọ. Nígbà tí a dé lọ́jọ́ kejì, ó ti gé igi pèrègún wá, ó sì ti rì í mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, kí ẹsẹ̀ yín lè mọ ibi tó máa dúró sí, kí ọwọ́ yín sì lè rí nǹkan fi kàn."

Inú wa dùn. Òjò rọ̀, pèrègún rúwé. Ìyá Mansur a máa fi ọwọ́ kan ewé náà níkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń lọ, bí ìgbà tí ìyá ilé ìwé ń fọwọ́ kan orí àwọn ọmọ lórí ìlà. Ìrìn wọn le sí i. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n ń fi ọ̀pá sílẹ̀ sórí bẹ́ńṣì. Ọmọ òde òní ni Fisáyọ̀. Iwájú báńkì àti òtẹ́ẹ̀lì Òṣogbo ló ti mọ pèrègún, òdòdó ni ó jẹ́ lójú rẹ̀. Àwa tí à ń rìn níbẹ̀ náà, nígbà tí a ti mọ ẹni tó gbìn ín àti ẹni tó gbìn ín fún, a kò rò ó kọjá òdòdó.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kọjá lójú títì kò mọ ẹni tó gbìn ín. Ohun tí ó rí ni pèrègún, tó tò tààrà láàárín ilẹ̀ tí ìlú méjì ń jà sí, Ìlọ́bù lápá kan, Ìfọ́n lápá kejì. Kò sí ọmọ àgbẹ̀ lágbègbè wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́ fún. Bàbá rẹ yóò mú ọ lọ sóko, yóò fi pèrègún hàn ọ́, yóò ní, "Ibí ni tiwa parí sí." Pèrègún kì í kú bọ̀rọ̀. Baba á gbìn ín, ọmọ-ọmọ á fi jẹ́rìí.

Ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ láti inú ọkọ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà lórí wásáàpù. Ní Ìlọ́bù, wọ́n ní Ìfọ́n ti gbin ààlà sínú gáàdìn. Ní Ìfọ́n, wọ́n ní Ìlọ́bù ti gbin ààlà sínú gáàdìn. Fọ́tò kan náà ni o. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi látinú ẹgbẹ́ ìjọ wa, wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìyá Mansur látinú ẹgbẹ́ àsàlátù wọn, a gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orúkọ ìlú nìkan ló yàtọ̀. Mo fèsì pé òdòdó ni, mo kọ ọ́ gùn. Ẹnì kan dá mi lóhùn pé, "Tíṣà, ẹ máa sinmi." Inú bí mi débi pé mo pa fóònù.

Àtìgbà náà ni gáàdìn ti yí padà. Ará Ìlọ́bù ò kọjá ọ̀nà àárín mọ́, ará Ìfọ́n ò kọjá rẹ̀. Bàbá Ọládiípọ̀ tí ń fẹ̀yìn rìn, bí wọ́n bá ti dé ìdí pèrègún, wọ́n á yà padà, bí ẹni pé ojú wà ní ìpàkọ́ wọn. Àwọn ìyá ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà pín sí ọ̀nà méjì, wọ́n ń ka oókan eéjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó dùn mí bí ẹni pé ilé mi ni wọ́n pín.

Ọ̀gbẹ́ni Oyèdìran, máníjà gáàdìn, wá bá wa lórí bẹ́ńṣì. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ẹ̀rù sì tètè máa ń bà á. Ó ní àwọn ọ̀gá òun ti sọ̀rọ̀: kí ìlú méjèèjì wá pàdé láàárọ̀ Sátidé, bí wọn kò bá fẹnu kò, òun yóò ti géètì méjèèjì pa títí kóòtù yóò fi dá a.

Kóòtù kẹ̀! A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ìyẹn bí èèyàn bá tilẹ̀ tètè ti ibẹ̀ bọ̀. Bàbá mi lọ sí kóòtù ilẹ̀ títí wọ́n fi kú, ẹjọ́ náà kò kú. Ìyá Mansur kò bá mi bínú sí i. Orúnkún wọn ni wọ́n ń wò.

"Ó kù díẹ̀, Tíṣà," wọ́n ní. "O sá ń rí i pé ó kù díẹ̀."

Mo ní mo rí i. Mo yíjú sí omi kí wọ́n má baà rí ojú mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, èrò ti pọ̀ kí oòrùn tó yọ dáadáa. Wọ́n to àga onírọ́bà sórí koríko lókè, nítòsí títì. Kò sí ẹni tó pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìlọ́bù kó àga wọn sápá ọ̀tún pèrègún, àwọn ará Ìfọ́n kó tiwọn sápá òsì. Mo wò wọ́n, mo mi orí. Iṣẹ́ tí wọ́n ní pèrègún wá ṣe, àwọn fúnra wọn ló ń bá a ṣe é. Bàbá Ọládiípọ̀ ló ṣaájú tiwa. Alájì Hàmídù, àgbà àgbẹ̀ kan tó ní oko ẹ̀gẹ́, ló ṣaájú Ìfọ́n, Mansur ọmọ ọ̀rẹ́ mi sì jókòó tì wọ́n, òun ni agbẹnusọ àwọn ọ̀dọ́. Agbẹnusọ ọ̀dọ́ tiwa, Ọládèjì ni, ọmọ tí mo kọ́ ní ABD. Oyèdìran dúró sáàárín, ó di àgádágodo tuntun méjì mú nínú ọ̀rá.

Alájì Hàmídù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Àwa ò bá ẹnikẹ́ni jà. A kàn fẹ́ mọ ẹni tó gbin pèrègún sórí ilẹ̀ tí ìjọba ní kí a fi sílẹ̀."

Bàbá Ọládiípọ̀ ní, "Ìbéèrè tí mo gbé tilé wá nìyẹn, ẹ ti bá mi bèèrè rẹ̀."

Fisáyọ̀ jáde síwájú, ó kúnlẹ̀, omijé ti bò ó lójú. "Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin bàbá. Èmi ni. Mo gbìn ín nítorí màmá, kí wọ́n má baà já sí gọ́tà. N kò mọ̀ pé ààlà ni. N ó hú u báyìí báyìí." Ó na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́ ọn.

"Má fọwọ́ kàn án!" Ìlú méjèèjì ló pariwo náà pọ̀. Nǹkan àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí láàárọ̀ yẹn nìyẹn.

Ọládèjì dìde. "Ta ló rán an láti gbìn ín? Ta ló tún ń rán an láti hú u? Bó bá hú u lónìí, wọ́n á ní lọ́la pé ààlà wà níbẹ̀, àwa la hú u."

Mansur náà dìde. "Ohun tí àwa náà fẹ́ sọ nìyẹn. Bí a bá fi sílẹ̀, a ti gbà pé ibí ni tiwa mọ. Bí a bá hú u, wọ́n á ní a hú ààlà wọn."

Ẹ wá wo ọ̀ràn. Ẹni tó fi sílẹ̀ jẹ̀bi, ẹni tó hú u jẹ̀bi, pèrègún sì dúró láàárín, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo dìde, mo ní, "Ọládèjì! Ṣé ìwọ náà ni o ń gbọ́ ara rẹ yẹn? Ìyá aláìsàn ni wọ́n gbin òdòdó fún!"

Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí koríko tútù, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kíláàsì." Ó dìde, ó gbọn koríko nù, kò sì yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà. Àpọ́nlé tó bá ọ̀yájú rìn, kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe? Mo jókòó.

Wọ́n sọ ọ́ lọ, wọ́n sọ ọ́ bọ̀, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Oyèdìran gbé ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ó ní, "Ó dùn mí o, ẹ̀yin bàbá, ṣùgbọ́n mo máa ní láti ti géètì."

Ìgbà yẹn ni mo rí Ìyá Mansur. Láti ìdí bẹ́ńṣì wa létí omi ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n dìde. Wọ́n gbé ọ̀pá lé orí bẹ́ńṣì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀nà náà bọ̀ wá sókè, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń kan ewé pèrègún níkọ̀ọ̀kan, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ tẹ̀lé wọn. Ohùn kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ láàárín àwọn tó wà nítòsí, lẹ́yìn náà gbogbo ẹnu dákẹ́, a ń gbọ́ bí bàtà ṣe ń ha ilẹ̀. Kò sí ẹni tó lè bá wọn kánjú. Wọ́n dé àárín àga méjèèjì, wọ́n dúró, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ìlọ́bù. Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé mi."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Mo rò pé ṣíṣubú ni, mo sáré. Mansur náà fò dìde. Wọ́n na ọwọ́ sí wa: "Ẹ má fọwọ́ kàn mí." Orúnkún ọ̀tún kanlẹ̀. Ti òsì ń bọ̀, ó ń gbọ̀n, ó dé ibi tó máa ń kọ̀ sí láràárọ̀, ó sì kọ̀. Ìró ìdí wọn ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí bẹ́ńṣì níbẹ̀ tí wọ́n lè dì mú. Wọ́n ní, "Bísímílàhí," wọ́n sì jù ú sílẹ̀. Orúnkún méjèèjì wà nílẹ̀.

Ariwo tó sọ, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú gáàdìn náà. Ìkúnlẹ̀ abiyamọ kì í ṣe ohun tí ọmọ Yorùbá ń jókòó wò. Abiyamọ tí ó ti kúnlẹ̀ bí ọ, bí ó bá tún wá kúnlẹ̀ bẹ̀ ọ́ ní gbangba, ìwọ ọmọ náà ti rí ìjàngbọ̀n. "Yéè! Màámi!" ni Mansur kígbe, ó ti nà gbalaja sílẹ̀ níwájú wọn, àyà rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ọládèjì náà ti wà nílẹ̀. Àga ń ṣubú lọ́tùn-ún lósì, àwọn àgbà ti dìde, fìlà ti kúrò lórí.

"Ẹ dìde, ìyá," Bàbá Ọládiípọ̀ ní, ohùn wọn ti yí padà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. A ti gbà. A ó fi pèrègún yín sílẹ̀ fún yín."

Alájì Hàmídù ní, "A ti fi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò ní pè é ní ààlà mọ́. Ẹ dìde, ẹ má ṣẹ́ wa lépè."

Ọkàn mi balẹ̀. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ìyá Mansur mi orí.

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin bàbá. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí kí ẹ fi sílẹ̀ ni mo ṣe kúnlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n hú u ni."

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Lónìí, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà níbí ti mọ̀ pé nítorí ẹsẹ̀ mi ni. Nígbà tí a bá kú tán ńkọ́? Pèrègún ò ní kú, kò sì ní ẹnu tó máa fi sọ ẹni tí wọ́n gbìn ín fún. Ọmọ Mansur á rí i, ọmọ Ọládèjì á rí i, wọ́n á ní ibí yìí ni ààlà wà, wọ́n á sì máa ṣe ara wọn léṣe nítorí ẹsẹ̀ òsì ìyá arúgbó kan. N kò fẹ́ ẹ. Nítorí mi ni wọ́n ṣe gbìn ín, tèmi ni. Tí mo bá hú u, n kò hú u fún Ìfọ́n, n kò hú u fún Ìlọ́bù. Kí ẹ ṣáà má ti gáàdìn pa."

N kò lè pa á mọ́ra. Mo ní, "Ìyá Mansur, kí lẹ óò wá máa dì mú?"

Wọ́n yíjú wò mí. "Ṣé o ò ní èjìká ni, Tíṣà?"

Mo sunkún níwájú ìlú méjì. Ojú ò tì mí.

Bàbá Ọládiípọ̀ wo Alájì Hàmídù, Alájì Hàmídù wo Bàbá Ọládiípọ̀, àwọn méjèèjì sì mi orí sí Ìyá Mansur pé àwọn gbà. Ìyá Mansur na ọwọ́ ọ̀tún, wọ́n di ìdí pèrègún àkọ́kọ́ mú, wọ́n fà á. Kò wá. Wọ́n tún fà á. Mansur fi àyà fà wá síwájú láti ràn wọ́n lọ́wọ́.

"Dúró síbẹ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ọwọ́ Ìfọ́n nìyẹn."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn kan, àwọn tí ojú wọn ṣì tutù. Ìyá Mansur fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó já wá pẹ̀lú gbòǹgbò àti ẹrẹ̀. Wọ́n gbé e sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n pe Fisáyọ̀. "Ìwọ ọmọ Ẹ̀rìn, wá bá mi hú ìyókù. Ìwọ lo gbìn ín." Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ó ń hú u lọ sísàlẹ̀, kò sí ẹni tó pariwo mọ́ ọn. Oyèdìran ti ọ̀rá àgádágodo bọ àpò.

Mo lọ bá Ìyá Mansur, mo na ọwọ́ méjèèjì. "Ó tó, mà. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín dìde, ilẹ̀ tutù."

"Fi mí sílẹ̀," wọ́n ní. Ojú wọn ń dán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rí nǹkan rẹ̀ tó sọnù he. "Èyí tí mo dúró kí wọn lẹ́ẹ̀kan yẹn, kò kà."

Wọ́n tún orúnkún wọn gbé sílẹ̀ dáadáa, wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti òsì lé itan, wọ́n tẹ orí ba.

"Ẹ káàárọ̀ o, Bàbá Ọládiípọ̀. Ṣé dáadáa ni ẹ jí? Ilé ńkọ́? Àwọn ìyá ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ kú àfaradà. Alájì, ẹ káàárọ̀ o. Ara ò le bí? Oko ńkọ́?"

Wọ́n kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, ilé dé ilé. Àwọn àgbà náà dúró pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, wọ́n ń dá wọn lóhùn, kò sì sí èyí tó kánjú nínú wọn.